Wáyà Tí Mo Fi Eyín Dì Mú

Ṣadé, gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bàbá mi rà fún wa síwájú tẹlifíṣọ̀n tuntun. Wáyà wọn ò bára mu, ni mo bá fi àpótí kékeré tó ń yí àwòrán padà sáàárín wọn. Àwòrán yọ lóòótọ́, àmọ́ Kúnlé àbúrò mi ló wà nínú rẹ̀, omi sì ti mù ún dé ọrùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wáyà yẹn yọ o!”

Mo fi eyín di wáyà náà mú títí mo fi jí. Etí ìrọ̀rí ló wà lẹ́nu mi. Mo pe Kúnlé kíákíá.

Ó yán, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé kò sí láburú?”

Ẹ̀rín ni mo bú sí. Mi ò mọ ìtumọ̀ àlá náà, mi ò tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n.