Ìlà Tó Kọ̀ Láti Gòkè

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Onífọ́nrán ń fẹ́ láyé: kí ìlà kan gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Kò wá mọ́tò, kò wá ọkọ. Ìlà ló ń wá.

Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Onífọ́nrán, torí fọ́nrán gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun orí ló fi ń jẹun. Tí èèyàn bá tan iná sẹ́nu ẹ̀, iná á sáré gba inú ẹ̀ dé ìdí, á sì padà wá. Tí nǹkan bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí fọ́nrán yẹn, àwọ̀ iná tó ń padà bọ̀ á yí díẹ̀, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á gòkè. Ohun tó sì ń dọdẹ ẹ̀ ni èròjà kan tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn tó ń lù láyà wa bá ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọgbọ́n tó dá rèé. Ó ní àwọn ọdẹ kan, tíntìntín, tójú ò lè rí, tí wọn kì í mú ẹran míì àfi èròjà yẹn. Ó fi fítámì kan ṣe ìrù fún wọn. Ó wá fi gọ́ọ̀mù sídìí fọ́nrán, gọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé fítámì yẹn nìkan ló ń rí lójú. Á da àwọn ọdẹ sínú ẹ̀jẹ̀, oníkálukú á mú ẹran tiẹ̀, á wá ti fọ́nrán bọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù á sì fà wọ́n nírù, tọdẹ tẹran; ọdẹ tí ò bá mú ẹran dání kò wúwo tó láti gbé ìlà sókè.

Dókítà ọkàn wá láti ọsíbítù tó wà lódìkejì títì. Tí ìlà bá gòkè lójú ẹ̀, á gbé ẹ̀rọ náà lọ sí wọ́ọ̀dù. Ọkùnrin yìí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò rí eyín ẹ̀ rí. Níjẹta, òun náà ló yẹ bàbá Onífọ́nrán wò nígbà tí àyà ń ta á. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó fi sẹ́rọ, ó ní ọkàn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì tuntun, afẹ́fẹ́ inú lásán ni, kí bàbá máa lọ sílé.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò, ara àbúrò Onífọ́nrán ni wọ́n ti fẹ́ fà á. Fáàrí ni wọ́n ń pè é, ẹ ò sì ní bi wọ́n léèrè ìdí tẹ́ ẹ bá rí bàtà ẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ mi tún nìyẹn," ó ń ká apá aṣọ sókè. "Àǹtí, ẹ̀fọn ò fà mí tó báyìí."

"Ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le ni mo nílò."

"Dókítà, ẹ gbọ́ o. Nílé, ọ̀lẹ ló ń pè mí."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Onífọ́nrán pín ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò méjì. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kán èròjà ọkàn sínú ìkejì, ó kán an dáadáa, bíi pé ọkàn odidi àdúgbò ń kú lọ. Ó da àwọn ọdẹ sí méjèèjì, ó ti fọ́nrán bọ ìgò kìíní. Ìlà sùn gbalaja. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ti òmíràn bọ ìkejì, ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà.

Ìlà sùn gbalaja.

Wọ́n dúró. Ìlà ò mira. Ẹ̀rín gan sójú Onífọ́nrán, kò mọ bó ṣe máa kó o kúrò.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Fáàrí bèèrè.

"Ká ní aláìsàn mi ni," dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "mi ò bá ti ní kó máa relé."

Onífọ́nrán pààrọ̀ fọ́nrán. Gbalaja. Ó pààrọ̀ iná. Gbalaja. Ó wá kán èròjà náà sínú omi oníyọ̀ lásán, ó da àwọn ọdẹ sí i, ó ti fọ́nrán bọ̀ ọ́, ìlà sì gòkè fíofío. Ó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ló ṣe é. Ó yíjú sí àbúrò ẹ̀.

"Kí lo lò?"

"Búrẹ́dì ni mo jẹ."

"Mi ò bi ọ́ lóúnjẹ. Kí lo lò?"

Fáàrí fọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀, níbi tí irun ti ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́. "Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú Dókítà." Ó yọ ike kékeré kan lápò. Wọ́n ya ọkùnrin kan sára ẹ̀ tí irun ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo imú. Fítámì irun.

Onífọ́nrán ka ẹ̀yìn ike. Fítámì tó fi ṣe ìrù àwọn ọdẹ ló wà níbẹ̀, rẹpẹtẹ. Ó ti kún ẹ̀jẹ̀ Fáàrí dẹ́nu. Gọ́ọ̀mù ti gbé e mì títí yó kí àwọn ọdẹ tó dé. Ẹ̀rín bú lẹ́nu ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

"O ti jẹ ẹ́ tán! Ìwọ nìkan?"

"Èmi àti Bàbá ni. Tiwọn tiẹ̀ ju tèmi lọ, wọ́n ní tàwọn ló ti kọ́kọ́ pá."

Onífọ́nrán ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó rójú dókítà. Ojú náà ti funfun bí eérú. Ọkùnrin yẹn wá àga, ó jókòó láìwẹ̀yìn.

"Ẹ̀rọ tiwa lọ́síbítù, èyí tí mo fi yẹ bàbá yín wò," ó ní, "gọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n fi ṣe é."



Onífọ́nrán tẹ nọ́ńbà bàbá ẹ̀. Ó ń dún, ó ń dún. Wọ́n gbé e, òòlù ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Bàbá, níbo lẹ wà?"

"Orí òrùlé. Mò ń kan páànù tó ń jò. Ṣebí ẹ́ńjìnnì tuntun ni mí."

Dókítà mi orí: bàbá ò gbọ́dọ̀ dá sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó síbẹ̀."

"Sórí páànù gbígbóná yìí? Ìdí ta ni?"

"Ẹ fi aṣọ yín tẹ́ ẹ, ẹ jọ̀ọ́. Fáàrí ń bọ̀ wá gbé yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ni mo nílò."

"Ti Fáàrí ńkọ́?"

"Kò dáa."

"Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́."

Dókítà àti Fáàrí ti sáré jáde. Onífọ́nrán fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ yọ, ibi tó kó àwọn fọ́nrán tó kọ́kọ́ ṣe pamọ́ sí. Àwọn wọ̀nyẹn ò ní gọ́ọ̀mù tí fítámì lè kún; ara gíláàsì gan-an ló lẹ àwọn ọdẹ mọ́. Ó pa wọ́n tì torí wọ́n máa ń pẹ́ ṣe. Ó kó wọn, ó gbé ẹ̀rọ mọ́ra, ó sọdá títì.

Wọ́n ti gbé bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì, wáyà kún àyà ẹ̀, ó ń ṣàròyé òòlù tí wọn ò jẹ́ kó mú dání. Onífọ́nrán ti fọ́nrán bọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Láàárọ̀, ó bẹ ìlà pé kó gòkè. Báyìí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sùn.

Ìlà gòkè.

Dókítà wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó di bẹ́ẹ̀dì mú fúnra ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Ṣé ó ṣiṣẹ́?" bàbá yíjú padà.

"Ó ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Ó ṣiṣẹ́, o wá ń sunkún."

Ilẹ̀kùn pa dé. Fáàrí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ike fítámì mú bí ẹni di ejò lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jókòó tì í. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, tí dókítà jáde.

"Bàbá yín ti jí," ó ní. "Wọ́n ní kí n bi Fáàrí bóyá wọ́n ṣì lè máa lo fítámì yẹn sí apá ẹ̀yìn orí nìkan."

Ó wá rẹ́rìn-ín. Onífọ́nrán rí eyín ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, àyà ẹ̀ sì tún já, lọ́tẹ̀ yìí torí eyín lásán.