Ṣọ́ọ̀kù Rùfáì Tún Padà Dé

Nígbà tí Àjàmú rí Rùfáì tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Mafoluku, ó ju sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjì tó bá a tún ṣe, àwọn irin elépo tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè, tòsì ló ń jò ṣáá.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti ń jò o! Àbí òróró lẹ rọ sí i ni?"

Láti ìgbà tí Àjàmú ti kúrò ní Ìkirè wá sí Èkó, iṣẹ́ yìí ló fi ń jẹun: kó gé orí ṣọ́ọ̀kù tó ti kú, kó da epo dúdú inú rẹ̀ nù, kó pààrọ̀ rọ́bà ẹnu rẹ̀, kó rọ epo tuntun sí i, kó sì jó orí náà padà. Owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ayé ń kọ́lé, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kò sì sinmi lójú títì. Kò sẹ́ni tó tíì dá iṣẹ́ padà fún un rí, àfi Rùfáì yìí.

Ó tú ṣọ́ọ̀kù òsì náà. Rọ́bà tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àbí ọwọ́ òun ló ti ń bàjẹ́ ni? Ó tún un ṣe, ó dè é padà, ó ní, "Èmi àti ìwọ la jọ máa gbé ẹrù tó kàn."

Wọ́n ru sìmẹ́ńtì ní Àpápá, ó di ọ̀nà Èjìgbò. Gbogbo kòtò tí wọ́n bá kó sí ni nǹkan ń dún gbàù lábẹ́ ọkọ̀.

"Dúró!"

Àjàmú rá wọ abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà ńlá tó yẹ kó máa gba irin táyà ẹ̀yìn dúró tí ọkọ̀ bá rì kò sí lápá òsì. Ṣọ́ọ̀kù nìkan ló ń jẹ gbogbo ìyà náà.

"Rùfáì, rọ́bà ibí yìí dà?"

Rùfáì wolẹ̀. "Ó ti já láti ọdún tó kọjá. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ní kí n máa wà á bẹ́ẹ̀."

"O mọ̀! O sì wá ń bi mí bóyá òróró ni mo rọ sí i?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tó bá tún jò, ẹ ṣáà máa bá mi tún un ṣe."

"Mi ò ṣe mọ́, àfi tí ẹ bá ra rọ́bà yẹn!" Ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń kọjá ní Bọ́ládé, ó rí ọkọ̀ Rùfáì ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà di ṣọ́ọ̀kù òsì mú, ó ń mi orí.

"Ta ló ṣe iṣẹ́kíṣẹ́ yìí fún yín?"

Rùfáì rí Àjàmú, ó yára gbójú sí ibòmíràn. Àjàmú ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè títí ó fi dé Mafoluku: "Rọ́bà ni, kì í ṣe ọwọ́ mi!"