Épúrọ́ọ̀nù Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́ Aago

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Òjò winniwinni ti ń rọ̀ láti ìdájí. Kò pọ̀ tó ohun tí ènìyàn ń ṣí agbòjò fún, kò sì kéré tó ohun tí ènìyàn lè fojú fò. Mo fẹ́ kí ọjọ́ náà dá mi lójú kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri bí ó ti wù wọ́n.

Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni mí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ni kí n jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí n máa ran àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé lọ́wọ́, kí n máa gbẹ́ pẹ́ńsù, kí n máa nu imú tí ó bá ń ṣàn, kí n sì so épúrọ́ọ̀nù búlúù mọ́ àyà kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé èmi kì í ṣe olùkọ́. Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì karùn-ún bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n bá òun dúró níwájú pátákó fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ di sáà kan, sáà kan di méjì. Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ, n kò sì kà á parí.

Ohun tí ó ń já mi láyà jù nínú ìṣirò ni ìdá. Bí a bá fẹ́ fi ìdá kan pín òmíràn, a ó dorí èyí tí ó kẹ́yìn kodò, a ó sì sọ wọ́n di púpọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí a ń pè ní Oníbéèrè, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí Búlúù, kí ló dé tá a fi ń dorí ẹ̀ kodò? Kí ló ṣe wá?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kí ó há a sórí. Orí ni èmi náà há a sí. Bẹ́ẹ̀ ìdánwò tí wọn yóò fi wọ girama ń bọ̀, ìdánwò kì í sì í bi ọmọ pé ta ni ó kọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Aláyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó bóyá olùkọ́ wà nínú gbogbo kíláàsì.

"Arábìnrin, ẹ bọ́ épúrọ́ọ̀nù yẹn kí wọ́n tó dé."

"Nítorí kí ni, sà?"

"Kí wọ́n lè rí olùkọ́ ní kíláàsì karùn-ún."

"Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ níbẹ̀, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé igi ni yín?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá bi yín ní nǹkan kan, ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Bí wọ́n bá kà mí mọ́ olùkọ́, sà, wọn ò ní fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yẹn mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ rántí pé ìwé tí a fi gba yín síṣẹ́, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ọwọ́ tó kọ ọ́ náà lè fà á ya."

Mo ní, "Mo máa wọ̀ ọ́, sà."

Ohùn mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, nígbà tí mo ní ẹ̀rù pátákó ń bà mí, pé, "Ẹni tó ń gbọ̀n ò tíì ṣubú. Máa gbọ̀n lọ bẹ́ẹ̀."

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì. A kò tíì rìn jìnnà nínú ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá fi sáré wọlé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ti wà lórí àtẹ̀gùn!" Kí n tó yíjú, ó ti fa okùn épúrọ́ọ̀nù mi tú láti ẹ̀yìn, ó já a gbà, ó sì fi í kọ́ ìṣó tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí ọ̀gá kò mọ̀. Aago ilé-ìwé ti bàjẹ́ láti sáà tí ó kọjá, àwa kò sì ní aago mìíràn ju épúrọ́ọ̀nù mi lọ. Bí mo bá ti fi í kọ́ ìṣó yẹn, ilé yá nìyẹn.

Bí ó ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá báyìí, àga ti ń dún. Àpò ti bọ́ sí ẹ̀yìn. Gbogbo kíláàsì tò sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ́rọ́wọ́, bí mo ti kọ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé aláyẹ̀wò náà, obìnrin àgbàlagbà kan tí agbòjò rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà! Ó dàbọ̀, mà!"

"Ó dàbọ̀ kẹ̀? Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́? Ibo lẹ ń lọ?"

Ọ̀gá yára sọ̀rọ̀. "Ìdánrawò ni, mà. Bí a ṣe máa sá jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ."

"Tàpòtàpò?"

Oníbéèrè ti na ọwọ́ sókè. "Rárá o, mà. Aago ti lù ni."

"Aago wo? Èmi ò gbọ́ aago kankan."

"A kì í gbọ́ ọ, mà. A máa ń rí i ni." Ó nàka sí ìṣó. "Épúrọ́ọ̀nù Àǹtí Búlúù nìyẹn. Sà ló lù ú lónìí."

Obìnrin náà wo ìṣó, ó wo ọ̀gá, ó wá wò mí. "Ṣé ẹ̀yin ni olùkọ́ wọn?"

Ikọ́ gbé ọ̀gá. Mo mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ. Mo rìn lọ sí ìdí ìṣó, mo mú épúrọ́ọ̀nù mi, mo sì so ó padà mọ́ ara mi. Okùn náà tú, mo sì tún un so.

"Rárá, mà. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni mí, mi ò sì fi iṣẹ́ mi tijú. Mo mọ èyí tí kò rí pátákó dáadáa nínú wọn. Mo mọ èyí tí ebi máa ń pa dé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń dorí ìdá kodò, wọ́n ti bi mí, mi ò sì rí èsì fún wọn. Ẹ má kà mí mọ́ olùkọ́. Bí ẹ bá kà mí mọ́ ọn, ẹ ti ta àwọn ọmọ yìí nù nìyẹn."

Ọ̀gá ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni, mà. Kò sùn dáadáa lánàá."

"Mo sùn, sà."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Aláyẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí mo rí lára ògiri ọ́fíìsì yín, ṣé àwòrán ni?"

"Tèmi ni, mà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì..."

"Ọ́fíìsì ò níí ṣèdánwò. Màá wá olùkọ́ rán sí yín. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin lẹ ni kíláàsì karùn-ún, láti ọ̀la."

Nígbà tí ó lọ tán, ọ̀gá dúró tì mí. Kò pè mí ní arábìnrin mọ́, kò sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. "O ti ṣe é. Má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ níbí lọ́la."

"Ẹ máa rí i, sà. Ẹ̀yìn kíláàsì lẹ gbà mí sí. Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí. Bí ẹ bá fẹ́ fa ìwé náà ya, ojú aláyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ ti fà á."

Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba épúrọ́ọ̀nù náà, ó sì rán okùn kejì mọ́ ọn. "Àbúrò mi, ẹni tó bá fẹ́ fa èyí tú, àfi kó fi eyín ràn án."

Ní ọjọ́ kejì, ilé ni mo ti so ó. Gbogbo àdúgbò rí mi. Ọ̀gá dúró ní ẹnu géètì. Ó wò mí, mo kí i, mo sì wọlé.

Ọ̀gá mú bébà kan wá sí kíláàsì. Ó gbé e sókè. "Ìdajì mélòó ló wà nínú bébà kan yìí?" Ó fà á ya sí méjì. "Méjì!" ni wọ́n pariwo. "Bí mo bá wá fi ìdajì pín ẹyọ kan, mélòó ni?" Kíláàsì wo bébà, lẹ́yìn náà Oníbéèrè fò sókè. "Méjì náà ni! Kan lórí méjì, tó bá dorí kodò, ó di méjì! Ìdí nìyẹn tó fi ń dorí kodò!" Ó bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni tí ó bá mi rí ohun tí ó ti sọ nù.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi níbi tí mo jókòó sí. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi, nítorí pé ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n kọ́! Ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa, ó sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ọ́fíìsì fún sáà méjì. N kò fi ojú mi pamọ́ fún un.

Ó rí mi. Ó na ẹnu sí épúrọ́ọ̀nù àyà mi. "Ẹ má tíì bọ́ ọ o."

"Mi ò bọ́ ọ, sà. Ẹ máa kọ́ wọn lọ."

Àwọn tí ó wà ní kíláàsì karùn-ún ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta nìyí. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níwájú pátákó. Oníbéèrè wà ní àga iwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Àwọn ọmọ yòókù wà níbẹ̀, àfi ọ̀kan tí òjò àná fún ní òtútù. Èmi wà lẹ́yìn, mo ń gbẹ́ pẹ́ńsù.