Àdín fún Ẹwìrì

Ohun tí kò sí nílé alágbẹ̀dẹ mìíràn ní gbogbo Ọ̀wọ̀ wà nílé Hàmídù: ọmọbìnrin ni ó ń fínná fún un. Àwọn tó ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí a máa dúró wò ó. Wọn a ní, "Hàmídù, ta ni yóò fẹ́ ọmọ tí apá rẹ̀ le ju ti ọkọ lọ?" Hàmídù a sì dá wọn lóhùn pé kí ọkọ tí ẹ̀rù bá ń bà jókòó sílé ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ni Àbẹ̀ẹ́bí, ìyàwó rẹ̀, ti bí fún un ṣáájú, kò sí èyí tó dúró pẹ́ tó láti gbá ọ̀pá ẹwìrì mú. Kúlísúmù nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wọn. Àtìgbà tó ti mọ ìrìn ló ti ń lọ sídìí ẹwìrì, àpò awọ ewúrẹ́ méjì tí bàbá rẹ̀ fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú iná. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí ọkùnrin tó lè bá a dù ú. Bí ọ̀tún bá ti ń wú ni òsì yóò máa rọlẹ̀, ọmọ náà yóò sì máa fi orin tì í lẹ́yìn títí irin yóò fi pọ́n.

Hàmídù ní òfin kan tí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, ó gbọ́dọ̀ fi àdín pa awọ ẹwìrì. Kúlísúmù ni yóò di àpò náà mú fún un. "Awọ tó bá gbẹ kì í mí," ni ó máa ń wí. "Ẹ̀mí ẹwìrì, àdín ni." Ọmọ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi di ti òun náà.

Ní ọdún 1957 ni ọ̀fìnkìn kan dé. Wọ́n ní àwọn onílọ́rì ló gbé e wá láti Èkó. Ẹni tó gbé e dé Èkó, kò sí ẹni tó sọ fún wa. Ọ̀fìnkìn! Ta ni ọ̀fìnkìn pa rí? Àwọn àgbà tó rántí èyí tó jà lẹ́yìn ogun Jámánì àkọ́kọ́ ń mi orí, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti àgbà? Ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ní Èmùré-Ilé, iṣu ń bẹ lóko, kò sí ẹni tí yóò wà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wúkọ́, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn kan kò dìde.

Dígà ni àwọn ènìyàn wá ń gbé wá sọ́dọ̀ Hàmídù ju ọkọ́ àti àdá lọ, nítorí olókùúta ni ilẹ̀ ibi tí àwọn Mùsùlùmí ń sìnkú sí, ó sì ń tẹ ẹnu dígà. Àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Hàmídù ń lu irin, Kúlísúmù ń fínná, wọ́n ń dúpẹ́ pé àwọn ṣì ń mí.

Nígbà tó kan Kúlísúmù, ó wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, ara náà sì tún tutù. Àbẹ̀ẹ́bí se ọbẹ̀ ata fún un, ó lá a tán, ó padà sídìí iṣẹ́. Àṣé àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ibà náà padà lójijì. Ọwọ́ ọmọ náà já bọ́ lórí ọ̀pá ẹwìrì.

"Bàbá," ni ó wí, "uná ti kú."

Iná ń jó geere níwájú rẹ̀.

Orí kẹ̀kẹ́ Àbúdùlàhí, télọ̀ tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ni wọ́n gbé e jókòó sí, tí wọ́n fi tì í dé ọsibítù. Ibẹ̀ kún débi pé orí ẹní ni àwọn aláìsàn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Theresa, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Àkókó, ló gbà á, tó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó lè jókòó. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, Theresa sì túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ mọ fùkù lọ́dọ̀ alápatà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó máa ń rọ̀, àbí? Ihò wẹẹrẹ ló kún inú rẹ̀, inú ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀fóóró tiwa rí. Àìsàn yìí ti ba ti Kúlísúmù jẹ́. Inú àwọn ihò náà ti bó, omi àti ẹ̀jẹ̀ ti dí wọn. Ó ti le. Ó le bí ẹ̀dọ̀."

"Ó le?"

"Ó le, Bàbá. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi wọ̀ mọ́."

"Kí ni oògùn rẹ̀?"

Theresa wo dókítà kó tó dáhùn. "A ń fún un lábẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ má sì fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ìyókù di ọwọ́ Ọlọ́run."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló bá Hàmídù kúrò níbẹ̀. Ó le. Ọ̀rọ̀ omi kò wọ̀ ọ́ létí, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò wọ̀ ọ́ létí. Alágbẹ̀dẹ ni, ohun tó bá le, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú un rọ̀.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó lọ sílé lọ mú aṣọ tí Àbẹ̀ẹ́bí yóò fi pààrọ̀, ó sì yà sí ilé arọ, níbi tó ti ń lu irin. Eruku ti bo ẹwìrì. Láti ìgbà tí Kúlísúmù ti ṣubú, kò sí ẹni tó fi àdín kàn án. Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀. Awọ náà há, ó ń ké kẹrẹkẹrẹ, afẹ́fẹ́ kò jáde. Ohùn tó ń ti àyà ọmọ rẹ̀ jáde gan-an nìyẹn.

Ó mú ìgò àdín, ó bù ú sọ́wọ́, ó fi pa awọ náà, ó ń rà á, ó ń rà á, títí ó fi rọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹwìrì mí kanlẹ̀, eérú sì fò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bàbá náà dùn. Ó rẹ́rìn-ín ní òun nìkan nínú ilé arọ. Wọ́n ń pe ìrun Jímọ̀, kò lọ. Ó ki ìgò náà bọ àpò bùbá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọsibítù lọ.

Àbẹ̀ẹ́bí ti sùn lọ níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri. Theresa wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń tọ́jú ẹlòmíràn tó ń pọ ẹ̀jẹ̀. Ètè Kúlísúmù ti dúdú bí aró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là.

"Wọ́n ní inú àyà rẹ ti le," ni Hàmídù wí.

Ó mi orí díẹ̀.

"Mo mú àdín wá."

Ọmọ náà wo ìgò náà. Ẹlòmíràn ì bá bi í pé kí ni àdín fẹ́ lọ ṣe nínú àyà ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdí ẹwìrì ni. Láti kékeré ló ti ń di àpò mú fún un, ó sì ti rí i bí awọ gbígbẹ ṣe ń padà mí.

"Ẹ fi sí i, Bàbá," ni ó wí. Ó sì ya ẹnu fúnra rẹ̀.

Hàmídù yọ ìrọ̀rí lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé orí rẹ̀ lé itan bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ ọwọ́ tó fẹ́ rọ lágbo, ó sì ń da àdín náà sí i lẹ́nu. Ó gbé díẹ̀ mì. Ni ikọ́ bá gbé e, èyí tó kù sì gba ọ̀nà tí kì í ṣe ti oúnjẹ lọ. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ọwọ́ tó fi ń di ọ̀pá ẹwìrì náà ni, ó le pinpin.

"Fara dà á," ni Hàmídù ń wí. "Yóò rọ̀. Yóò rọ̀ nísinsìnyí."

Igbe Àbẹ̀ẹ́bí ló pe Theresa. Ó sáré dé, ó gbé ọmọ náà jókòó, ó tẹ orí rẹ̀ síwájú, ó ń gbá a lẹ́yìn. Ó gbọ́ òórùn.

"Bàbá, kí lẹ fún un?"

"Àdín."

"Àdín kẹ̀?"

"Ẹ ní ó le. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ó le."

Theresa ṣì ń gbá a lẹ́yìn. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàárì, Kúlísúmù ti dákẹ́.

Hàmídù kò sunkún. Ó tẹ̀lé nọ́ọ̀sì náà dé ibi tó ti ń fọwọ́.

"Nọ́ọ̀sì, bí mi ò bá fún un ńkọ́?"

"Bàbá, àyà rẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà kí ẹ tó gbé e wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ kì í là á já."

"Ọ̀pọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn."

Ọwọ́ Theresa ti gbẹ, ó ṣì ń nù ún. "Mi ò mọ̀, Bàbá. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

Ká ní ó sọ pé àdín ló pa á ni, Hàmídù ì bá mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Ká ní ó sọ pé kì í ṣe àdín ni, ì bá rí ibi forí lé. Kò rí ọ̀kankan gbà nínú méjèèjì.

Wọ́n ti wẹ òkú náà, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, nígbà tí Àbúdùlàhí ti ibi sàréè dé, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí Lèmọ́mù. Etí alágbẹ̀dẹ mú. Ẹnu dígà ti tẹ̀ lórí òkúta, ihò náà kò tíì jìn tó, oòrùn sì ń lọ.

"Gbé e wá," ni Hàmídù wí.

"Bàbá Kúlísúmù, ẹ fi í sílẹ̀. A ó wá òmíràn lọ," ni Àbúdùlàhí wí.

"Mo ní kó o gbé e wá. Usẹ́ mi ni."

Ní ilé arọ, Àbúdùlàhí fẹ́ bá a fínná, ó kọ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí Kúlísúmù máa ń jókòó sí, ó gbá ọ̀pá méjèèjì mú. Ọ̀tún wú, òsì rọlẹ̀. Àdín tó fi pa awọ náà ṣì ń dán lára rẹ̀. Hàmídù dẹtí, ó ń retí kó ké, ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó ké. Kò ké. Ó ń mí dáadáa títí dígà fi pọ́n.