Ìrora Tó Dáwọ́ Dúró Lójijì

Ká sòótọ́, ní Múṣín, kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó ń ṣe é. "Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni!" Ohun tí Ìyá Najeem náà sọ nìyẹn, nígbà tó mú ọmọ rẹ̀ tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀ wá sí ilé ìwòsàn Dókítà Motọ́lání ní Àgùdà. Inú ló ń run Najeem, ara rẹ̀ sì gbóná díẹ̀.

Motọ́lání tẹ ikùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà. Ó lè jẹ́ oúnjẹ ló dà á láàmú. Ó sì lè jẹ́ àpẹ́ńdíìsì, ẹran kékeré tó so mọ́ ìfun, ló ń wú.

"Màmá, mi ò tíì mọ̀. Ẹ má fún un lágbo, ẹ má fún un lóògùn ìrora. Tí ìrora yẹn bá le sí i, tàbí tó bá sún sápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ẹ gbé e padà wá kíá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo fẹ́ rí i láàárọ̀ ọ̀la."

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Kí wá lẹ kàwé fún? Ẹ fi dírípù sí i lára, ẹ gún un lábẹ́rẹ́, ó parí!"

Àbí ta ló fẹ́ sanwó fún "mi ò mọ̀"? Ìyá pòṣé, ó mú ọmọ rẹ̀, ó di ilé.

Láàárọ̀, wọn ò yọjú. Motọ́lání pè wọ́n. Inú ìyá ń dùn ṣìnkìn.

"Ìrora yẹn ti lọ o! Lóru, ńṣe ló ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Mo fún un ní agbo jẹ̀dí, ló bá dáwọ́ dúró lójijì. Ó ń sùn."

Àyà Motọ́lání já. Ìrora tó bá lọ lójijì báyẹn, nígbà mìíràn àpẹ́ńdíìsì ló ti bẹ́.

"Màmá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba nísinsìnyí. Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

"Ṣé ó ti wá dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú. Tí mo bá ṣì í, ẹ wá bú mi níwájú àwọn aláìsàn mi. Ẹ ṣáà gbé e!"

Ìyá kùn títí, ṣùgbọ́n ó gbé e. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àpẹ́ńdíìsì ti bẹ́ lóòótọ́. Díẹ̀ ló kù kó kú.

Nígbà tí Najeem lajú, ìyá rẹ̀ di Motọ́lání mú, ó ń sunkún, ó ń wúre: "Ọlọ́hun á dá ọmọ tìẹ náà sí. O ò ní fojú sunkún ọmọ."

Ikùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, tó sì ní kí Najeem máa lọ sílé, ni Motọ́lání ń rántí. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó pẹ́ kó tó lè ṣe àmín.