Ẹ́ńjìnì Ńlá Mọ̀dínátù

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ìpẹja Ràímì kú sí àárín omi, tí wọ́n fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ náà dé etí omi ní Ìjẹ̀gún, Mọ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ kò sunkún. Ẹ́ńjìnì náà ti lo ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń wú ikọ́ tipẹ́, kò sì sí ìtọ́jú tí wọn kò fún un. Ohun tó ya Mọ̀dínátù lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ tí Ràímì sọ nígbà tó jẹun tán. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ́ńjìnì ńlá. Kékeré, alágbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti tó, àlòkù sì ni. Ọ̀rẹ́ kan sí Simeon mẹkáníìkì wọn ló fẹ́ tà á ní Àgbádárìgì.

"Simeon ló ní kẹ́ ẹ ra kékeré?"

"Ta ló mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì, Simeon àbí èmi?" Ràímì dìde, ó lọ ṣan ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ ra bàtà, èyí tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ló máa ń mú. Ọdún 1975 sì nìyí, ọdún tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù bọ́ sígboro, tí àwọn tíṣà ará Èkìtì tó háyà yàrá ní Ìkòtún ń ra mọ́tò, tí àwọn akọ̀wé ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé tí kò níná. Gbogbo apẹja etí omi Ìjẹ̀gún ló ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ẹlẹ́ṣin ogójì. Ràímì nìkan ló ń wá kékeré. Mọ̀dínátù sọ fún ara rẹ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, òun yóò sì rí i.

Ó ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rí i, torí òun ló máa sanwó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ọkùnrin á kan ọkọ̀, obìnrin tó ń yan ẹja á wá ẹ́ńjìnì sí i, ẹja tó bá sì wọlé di tirẹ̀ láti tà. Ohun kan ṣoṣo tí Mọ̀dínátù ní láti tà ni ilẹ̀ kékeré tó rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkòtún, níbi tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí kí èéfín ààrò tó ba ojú rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọdún mọ́kànlá ló fi ta ẹja kó tó ra ilẹ̀ yẹn. Bó bá tà á, tí ẹ́ńjìnì tó rà kò wúlò, kò sí ilẹ̀ mìíràn, agbára tó fi ra ti àkọ́kọ́ náà kò sì sí lára rẹ̀ mọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Simeon yìí, mẹkáníìkì ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó lè máa ròyìn púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí Mọ̀dínátù bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, òun àti Ràímì á dákẹ́, wọ́n á kọjú sí omi. Kò pẹ́ ni Ràímì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etí omi kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, nígbà tí kò sí ẹ́ńjìnì tó máa gbé e lọ ibì kankan. Bó bá padà, ṣòkòtò rẹ̀ á ti tutù dé orúnkún. Mọ̀dínátù bi í pé kí ló lọ ṣe. Ó ní òun lọ wo ọkọ̀ ni.

"Ṣé ara ọkọ̀ ò yá ni, tẹ́ ẹ fi ń lọ kí i láràárọ̀?"

Ràímì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó bu omi fún òun.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Mọ̀dínátù bá Simeon níbi tó ti ń fi ọ̀dà dúdú kun ìdí ọkọ̀ náà. Agolo ọ̀dà tuntun ni, Mọ̀dínátù kò sì fún ẹnikẹ́ni lówó ọ̀dà.

"Ta ló ra ọ̀dà?"

"Èmi ni, Ìyá Sìdí."

"Ìwọ? Simeon tó ń gbowó kó tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo?"

"Mo kàn fi ṣe yín lóore ni, jàre." Kò gbójú sókè. "Ìyá Sìdí, ẹ́ńjìnì kékeré yẹn ló bá ọkọ̀ yìí mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi."

Ìgbà wo ni mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ èèyàn pé kó má ra ohun tó dáa? Mọ̀dínátù padà sídìí ààrò rẹ̀, ó sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rẹ́ Simeon á ta àlòkù ní iye tuntun, Simeon á mú tirẹ̀ níbẹ̀, Ràímì náà á mú tirẹ̀. Kí ni Ràímì fẹ́ fi ṣe? Àfi kó jẹ́ pé ó ti rí obìnrin kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Inú bí i débi pé odidi agbọ̀n ẹja epìyà jóná mọ́ ọn lójú, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Kò bá wọn jà. Ó ta ilẹ̀ rẹ̀ fún aláṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ bá Olúsànyà, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹ́ńjìnì lójú ọ̀nà Àpápá. Ẹbí tiwọn ni o, síbẹ̀ Mọ̀dínátù ní kó já páálí ẹ́ńjìnì ogójì náà lójú òun. Ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá epo ti kàn án rí. Ó ní kó gbé e sínú àgbá omi kó fà á kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Olúsànyà ṣe gbogbo rẹ̀ láìbínú, ó wá béèrè tirẹ̀.

"Àǹtí mi, ó wúwo o. Pákó ìdí ọkọ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì le dáadáa?"

Mọ̀dínátù wò ó títí. Àbí Simeon ti débí náà?

"Ọkọ mi ló kàn án," ló sọ. "Ìrókò ni."

Ọ̀sán Sátidé ni mọ́tò akẹ́rù gbé ẹ́ńjìnì náà dé Ìjẹ̀gún. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n yí i ká. Mọ̀dínátù dúró, ó ń wo ojú Ràímì, kó lè rí i bó ṣe máa rí nígbà tí ète rẹ̀ já sófo. Ràímì wo ẹ́ńjìnì. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"O ta ilẹ̀ rẹ?"

"Mo tà á."

Ó yíjú sí àwọn tó dúró. "Ẹ bá wa gbé e kọ́," ló ní. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e. Simeon ló dè é mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì rọra ń dè é, bí ẹni pé pákó náà lè gbọ́ ìrora.

Wàyí o, ní Ìjẹ̀gún, bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnì tuntun kọ́ ọkọ̀, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń rọ́ wọnú rẹ̀ fún ìrìn àkọ́kọ́, débi pé ọlọ́kọ̀ á máa lé wọn bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, Ràímì nìkan ló wọlé. Ó di okùn ẹ́ńjìnì mú, ó dúró. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé e.

"Múrítàlá, ẹ ò wọlé ni?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Ìyá Sìdí." Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Múrítàlá apẹja gbé àwọ̀n méjì kọ́ èjìká lójú rẹ̀.

Ó yíjú sí ẹlòmíràn. Ìyẹn ní òun gbé ìkòkò kaná. Mọ̀dínátù wá rí i pé nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ń wo ẹ́ńjìnì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ibi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ omi lọ sídìí ọkọ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀dà náà. Àtàǹpàkò náà wọlé, ó wọlé dé ìdí. Igi inú rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà tó jábọ́ sómi.

"Simeon, o mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀, Ìyá Sìdí. Àmọ́ ẹ rántí Àtọ́kẹ́."

Ó rántí. Létí omi yẹn, wọn kì í sọ pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ti jẹrà, torí bó bá rì, ẹnu ẹni tó sọ ọ́ ni wọ́n máa ní ó rì í. Àtọ́kẹ́ kò tiẹ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní ọkọ̀ Ràímì ti ń dàgbà, Mọ̀dínátù sì fa aṣọ ya mọ́ ọn lọ́rùn, ó pariwo lé e lórí dé ọjà Ìkòtún. Láti ìgbà náà ni gbogbo Ìjẹ̀gún ti pa ẹnu mọ́.

"Láti ìgbà wo?" Ràímì ni Mọ̀dínátù bi.

"Láti òjò èṣí."

"Ẹ sì ń wọ̀ ọ́ lọ?"

"Mò ń gbọ́n omi inú rẹ̀ láràárọ̀. Ìbá ṣe kékeré yẹn ni, ó lè gbé mi lọ́dún kan sí i. Mo fẹ́ fi ọdún yẹn wá igi, kí o má bàa mọ̀ pé ọkọ̀ tó jẹ́ ojúṣe mi ti jẹrà."

"Òní wá ńkọ́? Ẹ fẹ́ fa okùn yẹn?"

"O ti ta ilẹ̀ rẹ, Mọ̀dí." Kò gbóhùn sókè. "Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa fà á. Ó máa fà á, ẹ́ńjìnì á sì ya ìdí ọkọ̀ náà lọ lójú agbami, kìkì kí ìyàwó rẹ̀ má bàa mọ̀ pé òfò ni òun fi ilẹ̀ òun rà. Mọ̀dínátù gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Simeon, tú u."

Omi wà níbàdí rẹ̀, ẹ́ńjìnì ń dán níwájú rẹ̀, kò sì lè gbé ojú wo Ràímì. Oṣù kan gbáko ló fi wá olè nínú ọkùnrin yìí. Ká ní ó rí olè ni, ì bá mọ bí òun ṣe máa bá a jà.