Ohun tí Ọláwùmí ń Tẹ̀ Sínú Ẹ̀rọ

Láti ọjọ́ tí Ọláwùmí ti gbé ẹ̀rọ yẹn wọ ilé bàbá wọn ní Egan ni ọkàn Wàsílátù kò ti balẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ́gánáísà ni Ọláwùmí pè é. Ọ̀gá rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ló ń padà sílùú òyìnbó lọ́dún 2003 yẹn, tó fi ta á lọ́rẹ. Bó bá jẹ́ ọ́gánáísà nìkan ni, Wàsílátù ì bá má kọbi ara sí i, nítorí ó ti rí àwọn èèyàn tó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan họ ojú irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kíbọọ̀dù tó bá a wá ló ń kọ ọ́ lóminú. Kíbọọ̀dù náà ká sí mẹ́rin bí ìwé tí wọ́n pa dé. Bí Ọláwùmí bá ṣí i, á nà gbalaja lórí àpótí, á wá gbé ọ́gánáísà lé e lórí, àwọn méjèèjì á sì mú ara wọn ṣinṣin. Ó di kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ẹnu bàbá wọn ló máa ń wò.

Bàbá náà, Nùrẹ́nì Ọdẹ́tọ́lá, kápẹ́ńtà ni kí àìsàn tó dá a jókòó. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó nígbà ọ̀dọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ń gbé. Wàsílátù ni àkọ́bí rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, opó. Òun ló ń wẹ bàbá láràárọ̀, òun ló ń bá a lọ gba oògùn n'Ígàndó, kí ó tó lọ jókòó ti ọṣẹ tó ń tà. Ọláwùmí ni àbígbẹ̀yìn, ọmọ ìyàwó kejì tó ti di olóògbé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yìn Wàsílátù ló ti sun oorun ọmọdé. Àdúgbò Pleasure ló ń gbé báyìí, Sátidé Sátidé ló sì máa ń wá kí bàbá.

Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dé, ilé ìdáná ló máa ń yà sí, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jọ máa tú ìròyìn ọ̀sẹ̀ palẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ bàbá ló ń lọ tààrà. Bàbá á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òun á máa tẹ̀, bí òjò wẹẹrẹ tó ń ta lórí páànù. Bí Wàsílátù bá súnmọ́ tòsí, bàbá á dákẹ́. Ọwọ́ Ọláwùmí náà á dúró.

"Ẹ̀yin méjèèjì mà jókòó pẹ́ lónìí o," Wàsílátù sọ lọ́jọ́ kan.

"Ìtàn ni mò ń béèrè lọ́wọ́ Bàbá, Àǹtí mi."

"Ìtàn wo?"

"Ìtàn àtijọ́ ṣá."

Ìtàn àtijọ́ kẹ̀! Ìtàn wo ni wọ́n ń fi pamọ́ fún ọmọ tó ń gbé inú ilé?

Ayálégbé wọn kan, Ìyá Qonitah, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Wọ́n jọ ń sá aṣọ lọ́wọ́ ni obìnrin náà bá yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí Wàsí, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí o. Ṣùgbọ́n bí arúgbó bá ń sọ̀rọ̀, tí ọmọ kan ṣoṣo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ìwé ogún ni jàre. Ní ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an nìyẹn. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin bàbá ni lọ́yà dé. Àgbà ọmọ ló kó ẹrù jáde."

Wàsílátù rẹ́rìn-ín, ó ní Ọláwùmí kò lè ṣe irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gún un bí ẹ̀gún tí kò ṣeé yọ. Ibi tó bá tẹ ẹsẹ̀ lé ló ti ń ta á.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó bọ́ bàtà, ó rọra lọ dúró lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀. Ohùn bàbá kò dún tó kí ó gbọ́ ohun gbogbo. Gbólóhùn kan ló yọ sí i kedere.

"Má jẹ́ kí Wàsí gbọ́ o, títí a ó fi parí ẹ̀."

"Wọn ò ní gbọ́, Bàbá. Mo ti tì í. Bí ẹlòmíì bá tàn án, kò ní rí nǹkan kan kà."

Wàsílátù rọra kúrò lẹ́yìn ògiri náà. Ó padà sí ilé ìdáná, ó jókòó síwájú iná, kò sì mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń jóná. Òun tó ń gbé bàbá dìde, òun tó ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ni wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Ọláwùmí ṣe tí kò ní ìtumọ̀ méjì lójú rẹ̀. Ó gbé ọsàn wá fún bàbá, Wàsílátù ní ó ń fi tu arúgbó lójú ni. Ó béèrè pé, "Àǹtí mi, níbo ni Bàbá kó àwọn ìwé ẹ̀ àtijọ́ sí?" Àpótí ìwé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Wàsílátù gan-an.

"Ikán ti jẹ ẹ́," ló fèsì.

Ọláwùmí wò ó díẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o," ó sì kúrò níbẹ̀. Wàsílátù kò mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé mìíràn lọ̀rọ̀ náà wá wú jáde. Oògùn bàbá tán lọ́sàn-án, Ọláwùmí ní òun á lọ rà á. Bàbá sùn lọ lórí àga. Ẹ̀rọ náà sì wà lórí àpótí, pẹ̀lú kíbọọ̀dù rẹ̀ tó nà sílẹ̀.

Wàsílátù wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ojú ẹ̀rọ tàn. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi tì í ni ẹ̀rọ náà ń béèrè. Ó tẹ orúkọ Ọláwùmí, kò ṣí. Ó tẹ orúkọ bàbá, kò ṣí. Lójú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó yí i dojú bolẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí bátìrì méjì tí kò tóbi ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Irú èyí tó wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wọn ni, ti rìmóòtù sì ti kú láti oṣù tó kọjá. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Ó pààrọ̀ wọn, òkú sí ibi ààyè, ó gbé ohun gbogbo sí bó ṣe wà. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ẹ̀rọ náà yadi lọ́jọ́ náà, kí òun ráyè ronú.

Nígbà tí Ọláwùmí dé, ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò tàn. "Ọjọ́ Túsìdeè ni mo ra bátìrì yìí," ló ń sọ. Ó jáde lọ ra òmíràn, kò sì tètè rí irú rẹ̀. Wákàtí méjì kọjá kí ó tó dé. Ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bi í ní ìbéèrè bí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Kò béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. Inú rẹ̀ ṣófo, bíi sílétì tí wọ́n fi omi nù.

"Ó ti lọ," Ọláwùmí wí. "Bátìrì ló fi ń rántí nǹkan. Okùn tí ǹ bá fi kó o sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀gá mi ò rí i fún mi. Oṣù mẹ́ta, Àǹtí mi. Gbogbo ẹ̀ ti lọ."

Ìdùnnú ló kọ́kọ́ sọ lọ́kàn Wàsílátù, kò ṣeé sẹ́. Ọláwùmí wá gbójú sókè, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Tiyín ni, Àǹtí. Ẹ̀yin ni Bàbá ń kọ ọ́ sí."

Wàsílátù fura. Ṣé ó ti mọ̀ ni? Ṣé ó ń wá ọ̀nà láti wo ojú òun ni? "Tèmi báwo?"

Bàbá ti jí. Ó na ọwọ́ sí i. "Wàsí, jókòó. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ ọ́ lójú rẹ, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí àbúrò rẹ kọ ọ́. Ó dà bíi pé Ọlọ́run ò fẹ́ kí n sá fún un." Ó mí kanlẹ̀. "Ìdíátù, ìyá rẹ, kò já ọ jù sílẹ̀. Èmi ni mo lé e."

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Wàsílátù nígbà tí ìyá rẹ̀ kúrò nílé. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé obìnrin náà bá tiẹ̀ lọ, kò sì wẹ̀yìn wò. Kò béèrè mọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

"A ṣì ń gbé Mushin nígbà yẹn," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo bá fìlà ọkùnrin lábẹ́ ẹní wa. Mi ò bi í léèrè. Mo kó ẹrù ẹ̀ síta, mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ mi. Lẹ́yìn ọdún méjì ni àbúrò mi, Abdulsobur, dárúkọ fìlà náà bí ẹni ń ṣeré. Òjò ló ká a mọ́ ilé wa nígbà tí ìyá rẹ lọ sọ́jà. Ó sùn díẹ̀ lórí ẹní, ó gbàgbé fìlà ẹ̀ síbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ mú wọn wá?"

"Ojú tì mí. Ọdún kan ń gorí òmíì. Ìtìjú náà ti lé ní ogójì ọdún báyìí."

Ọláwùmí nu ojú rẹ̀. "Mo ti bá yín rí wọn, Àǹtí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà. Àwòrán wọn ni mo ń wá nígbà tí mo béèrè àwọn ìwé yẹn."

Wàsílátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo yọ bátìrì náà."

Ọláwùmí rọra ká kíbọọ̀dù náà, ìṣẹ́po kan tẹ̀lé èkejì.

"Kí lẹ rò pé mò ń kọ?"

"Mo rò pé ẹ ń pín ilé."

"Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí, Àǹtí," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kò wá ní Sátidé kejì. Wàsílátù ń yọjú sí títì ṣáá. Ní ẹ̀kẹta ló dé, láìgbé ẹ̀rọ kankan dání. Ó ní òun kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá fúnra òun, inú ẹ̀rọ náà ni òun tẹ orúkọ agboolé àti nọ́ńbà ẹni tó bá òun wá ìyá sí, ohun tí òun rántí kò ju pé ẹ̀yìn mọ́sálásí kan ni, tí ilẹ̀kùn ilé náà jẹ́ aláwọ̀ ewé. "Bí ẹ bá fẹ́, a ó jọ wá a."

Wọ́n fi bàbá sọ́dọ̀ Ìyá Qonitah, wọ́n wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́sálásí méje ni wọ́n yí ká lọ́jọ́ méjì. Ẹ̀yìn ìkẹjọ ni wọ́n ti bá ìyá arúgbó kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, tó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì," Wàsílátù kí i, ó kúnlẹ̀.

Ìyá náà kò dáwọ́ dúró. "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán wa, Mà. Wàsílátù lorúkọ mi. Nùrẹ́nì Ọdẹ́tọ́lá ni bàbá mi."

Ọwọ́ ìyá náà dúró. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú sí Ọláwùmí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Àbúrò wọn ni mí, Mà."

"Ọmọ èyí tó fẹ́ lẹ́yìn mi." Ó padà sí ẹ̀gúsí rẹ̀. "Mi ò mọ ohun tí Nùrẹ́nì tún ń wá. Mi ò ní nǹkan ẹ̀ kankan lọ́wọ́."

Wàsílátù wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro ó. Ó wá sún mọ́ ìyá náà, ó bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ìyá náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ló wá wí. "O ó fọ́ ọ."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi bí wọ́n ṣe ń bó o hàn án. Nígbà tí ó fi hàn án tán, kò tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.